Ta ló jẹ mí lówó jù? ORDER BY lórí iye tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta ẹja lọ́jà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, ìwé méjì ló sì ń lò. Orúkọ àwọn oníbàárà wà nínú ọ̀kan. Èkejì ni ti àwìn: ẹni tó gbé òbòkún, kílò mélòó, kílò kan èló. Nígbà tí mo kó méjèèjì wọnú database, ibi tí kọ̀ǹpútà ń to àkọsílẹ̀ sí ní tábìlì-tábìlì, ìbéèrè kan péré ló ní: "Ta ló jẹ mí lówó jù?"

Ìdáhùn yẹn kò sí nínú tábìlì kankan. Ṣíṣírò la máa ṣírò rẹ̀ ká tó fi to orúkọ. Báyìí la ṣe ń kọ ọ́ ní SQL, èdè tí a fi ń bi database ní ìbéèrè (iye ni owó kílò kan):

SELECT o.oruko, SUM(a.kilo * a.iye) AS gbese
FROM onibara o
JOIN awin a ON a.onibara_id = o.id
GROUP BY o.id, o.oruko
ORDER BY gbese DESC;

JOIN so orúkọ mọ́ àwìn, GROUP BY kó àwìn ẹnì kọ̀ọ̀kan jọ, SUM rò ó pọ̀, AS wá sọ àròpọ̀ náà ní gbese. ORDER BY ló to orúkọ, DESC ní kí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù ṣíwájú.

Bí o bá kọ WHERE gbese > 50000, kọ̀ǹpútà á ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ló sọ. WHERE, tó ń ṣa ìlà tábìlì, ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ kí SUM tó bẹ̀rẹ̀. A kì í sọmọ lórúkọ ká tó bí i. HAVING SUM(a.kilo * a.iye) > 50000 ni kó o kọ, torí HAVING ló ń ṣa lẹ́yìn tí SUM bá ti ṣírò tán. ORDER BY ní tirẹ̀, ẹ̀yìn ìsọmọlórúkọ ló ń dé.

Wàhálà gan-an dé nígbà tí mo fi tábìlì kẹta kún un, ti owó tí wọ́n san. Oníbàárà kan gbé ẹja lẹ́ẹ̀mejì, ₦20,000 àti ₦15,000, ó san ₦10,000 lẹ́ẹ̀mẹta. ₦5,000 ló kù. Kọ̀ǹpútà gbé e sókè téńté: ₦45,000! Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èyí tó ń sanwó déédéé yìí kẹ̀? Lọ tún un ṣe o." Àṣé JOIN ti so àwìn kọ̀ọ̀kan mọ́ ìsanwó kọ̀ọ̀kan, méjì lọ́nà mẹ́ta di ìlà mẹ́fà: àwìn di ₦105,000, ìsanwó di ₦60,000.

Ńṣe ni ká kọ́kọ́ ro àwìn lọ́tọ̀, ká ro ìsanwó lọ́tọ̀, kí oníkálukú ní ìlà kan ṣoṣo nínú méjèèjì, ká tó so wọ́n pọ̀. LEFT JOIN, tí kì í yọ ẹni tí kò ní ìlà nínú tábìlì kejì sílẹ̀, ni o, torí ẹni tí kò san kọ́bọ̀ rí kò ní ìlà nínú ìsanwó. NULL, ìyẹn àyè òfo, ló máa bọ́ síbẹ̀, iye yòówù tí a bá sì yọ NULL kúrò nínú rẹ̀, NULL ló ń dà. COALESCE la fi ń sọ ọ́ di òdo. Láìsí i, nínú MySQL, ọ̀kan lára àwọn ètò database, DESC á ti onígbèsè tí kò san nǹkan kan rí sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú kì í tètè dé.