Gáréèjì alábúlọ́ọ̀kù àti gáréèjì prífáàbù: ẹ bi ilẹ̀ yín léèrè kí ẹ tó yàn

Bí èèyàn bá sọ ní Èkó pé òun ń lọ sí gáréèjì, Ọ̀jọ́tà tàbí Òṣòdì ló máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn, tòun ti bọ́ọ̀sì àti àgbèrò. Gáréèjì tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí kì í ṣe ti ọlọ́kọ̀ èrò. Ilé ọkọ̀ ni, èyí tí onílé ń ṣe sínú ọgbà kí oòrùn má baà bó ọ̀dà ọkọ̀ rẹ̀, kí olè má sì rí bátìrì yọ lóru. Ọ̀nà méjì ló wà láti ní in: kí bíríkìlà wá fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n lójú ilẹ̀, tàbí kí ẹ ra prífáàbù.

Prífáàbù ni ilé tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti dá ihò sí, tí wọ́n sì ti kùn ní ibi iṣẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Òpó, páánù ògiri, páánù òrùlé àti ilẹ̀kùn á dé ní ègé-ègé, bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni wọ́n á sì fi so wọ́n pọ̀. Bí ilẹ̀ ibi tí ó máa dúró sí bá ti wà ní sẹpẹ́, ọjọ́ kan tàbí méjì ti tó láti gbé ti ọkọ̀ kan dìde.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, torí ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ nìyí. Wẹ́dà tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí ọgbà yín, tó ń gé irin lójú yín, tó sì ń jó o pọ̀ níbẹ̀, prífáàbù kọ́ ló ń ṣe, bó tiẹ̀ pe orúkọ yẹn fún yín. Irin prífáàbù tó dára, wọ́n á ti rì í bọ inú síǹkì tó yọ́, tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bí 450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Síǹkì yẹn ni aṣọ irin náà. Òun ni afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ jẹ kó tó dé ara irin, àti pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun, níbi tí iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, jíjẹ yẹn máa ń yá ju ti ibi tó jìnnà sí òkun lọ. Bí wọ́n bá wá gbé iná wẹ́dà lé irin tó ti wọ aṣọ, iná á jó aṣọ náà kúrò ní oríkèé, níbi tí a ti fẹ́ kí irin lágbára jù lọ. Ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Ní Lẹ́kí àti Àjá, mo ti rí òpó tí páánù ara rẹ̀ ṣì ń dán nígbà tí ìdí rẹ̀ ti di pupa. Iṣẹ́ wẹ́dà lè dára o, bí ó bá ha oríkèé náà mọ́ tó sì fi ọ̀dà tó ní síǹkì kùn ún dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún.

Ti búlọ́ọ̀kù kò ṣòroó yé, gbogbo wa la ti rí i rí. Ohun tí àwọn èèyàn kì í rò ni ìwúwo rẹ̀. Gáréèjì ọkọ̀ kan máa ń tó ẹsẹ̀ bàtà 10 ní fífẹ̀ àti 20 ní gígùn. Bí ẹ bá mọ ògiri mẹ́ta yí i ká, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8, nǹkan bí búlọ́ọ̀kù oníínṣì 9 tó 360 ló máa lọ sí i. Bí a bá ní kìlógíráàmù 20 péré ni ọ̀kan wọn, tọ́ọ̀nù 7 ti kọjá, a kò sì tíì ka sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi mọ ọ́n, líńtẹ́ẹ̀lì, tàbí òrùlé. Gáréèjì onípáánù tí ìwọ̀n rẹ̀ bá èyí dọ́gba kì í sábà tó tọ́ọ̀nù kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Èkó ti yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta nìyẹn. Ní Ìkẹjà tàbí Agége, níbi tí ilẹ̀ pupa ti le, tọ́ọ̀nù 7 kò jẹ́ nǹkan kan. Lójú ọ̀nà Lẹ́kí títí dé Àjá, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ àbàtà tí wọ́n da yanrìn dí, omi kò sì jìnnà sílẹ̀ rárá. Ilé ńlá tó wà níbẹ̀ ti ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀, bóyá pẹpẹ kọnkéré tó tẹ́ gbogbo ìsàlẹ̀ ilé tàbí òpó tí wọ́n gún wọlẹ̀. Gáréèjì tí wọ́n wá lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kò ní irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò rì díẹ̀ díẹ̀, ilé kò ní bá a rì, ògiri á sì ya ní ibi tí wọ́n ti pàdé. Onílé á pe ẹni tó ń ṣe pílásítà, á dí i, á kùn ún, á tún ya ní òjò tó ń bọ̀. Kò sí pílásítà tó ń wo ìyẹn sàn. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fi búlọ́ọ̀kù ṣe é níbẹ̀, ẹ má ṣe so ó mọ́ ilé. Ẹ fi àlàfo tóóró sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì kí kálukú lè máa lọ ní ọ̀nà tirẹ̀, kí ẹ sì bo àlàfo náà lójú kí òjò má wọlé.

Prífáàbù kò ní wàhálà ìwúwo, àmọ́ fífúyẹ́ ni àrùn tirẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ìjì tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀, nínú oṣù kẹta àti ìkẹrin. Atẹ́gùn yẹn kì í kàn ti ògiri nìkan. Ó máa ń kó wọ abẹ́ òrùlé, á sì fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ sókè bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Ládùúgbò wa ní Sùúrùlérè, ìjì kan gbé ti aládùúgbò mi kúrò nílẹ̀, ó fi dùbúlẹ̀ sórí ògiri ọgbà, ọpẹ́ ni pé kò sí ọmọ níbẹ̀. Nígbà tí a wo ìdí àwọn òpó náà, ìṣó kọnkéré ni wọ́n fi kàn án mọ́lẹ̀. Bóòtù ìdákọ̀ró ló yẹ kó wà níbẹ̀, èyí tó gùn wọ inú kọnkéré tí nọ́ọ̀tì sì dè é mọ́ irin ẹsẹ̀ òpó.

Kọnkéré wo? Ìlẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, ohun tí àwọn bíríkìlà wa ń pè ní German floor. Àwọn tó ń ta prífáàbù kì í sábà mẹ́nu bà á, bẹ́ẹ̀ kò sí nínú iye tí wọ́n dá lé e. Gáréèjì méjèèjì ló nílò rẹ̀. Kí ó nípọn tó íńṣì 4 fún ọkọ̀ kékeré, kí wáyà BRC, ìyẹn àwọ̀n irin tí wọ́n ń tẹ́ sínú kọnkéré, wà nínú rẹ̀, kí ó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ síhà ẹnu ọ̀nà kí omi lè ṣàn jáde. Kí ó sì ga ju títì lọ dáadáa, torí ní Èkó, bí wọ́n bá tún títì ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó máa ń ga ju ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dà á, ẹ máa bu omi rin ín fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Ní ọjọ́ 7, agbára rẹ̀ á ti tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń ka agbára rẹ̀ ní kíkún. Nítorí náà, “ọjọ́ méjì” tí oníprífáàbù ń sọ, ẹ fi ọjọ́ kọnkéré kún un.

Fún ayálégbé, prífáàbù ló bá a mu, nítorí bóòtù ṣeé tú. Ṣùgbọ́n òfin máa ń ka ohun tí a so mọ́ ilẹ̀ gírígírí mọ́ ti onílẹ̀, nítorí náà, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹ ó tú u lọ. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ọ̀nà ti há, èyí tó ń bọ̀ ní ègé-ègé ṣeé fi ọwọ́ gbé wọlé níbi tí lọ́rì búlọ́ọ̀kù kò ní lè yà. Ti ìjọba ńkọ́? Kí ẹ má rò pé irin kò kan òfin. Ẹ lọ bi LASPPPA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń fúnni ní àṣẹ ìkọ́lé, nípa ìwé àṣẹ kí ẹ tó sanwó, LASBCA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń mójú tó ilé kíkọ́, sì ni ó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́. Ẹ má sì ṣe gbé èyíkéyìí nínú wọn gun orí gọ́tà.

Ohun kan tún wà tó ń pa èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sínú gáréèjì, ìbáà jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù tàbí ti páánù, kódà bí ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ kan tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bá àwọn tó ń sùn.

Bí ó bá jẹ́ èmi, tí ilẹ̀ mi bá wà ní Ìpájà, níbi tí ilẹ̀ ti le, tí mo sì fẹ́ gbé ibẹ̀ títí, búlọ́ọ̀kù ni mo máa lò. Kì í gbóná tó páánù lọ́sàn-án, olè kò sì lè fi sísọ́ọ̀sì gé e. Ní Àjá, irin tó wọ aṣọ síǹkì, lórí kọnkéré tó dára. Fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ wà láàárín méjèèjì tí kò mọ èyí tí òun wà, ẹ dúró di oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá tí òjò ti rọ̀ dáadáa, ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 3 níbi tí gáréèjì máa wà, ẹ fi páánù bò ó kí òjò má baà kún un, kí ẹ sì lọ wò ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì bóyá omi ti sun sínú rẹ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, ẹ ṣe bíi ti Àjá; bí kò bá sí, ẹ ṣe bíi ti Ìpájà.