Ọ̀rọ̀ àìbìkítà nípa àwọn akàndá ẹ̀dá

Ọ̀rọ̀ àìbìkítà nípa àwọn akàndá ẹ̀dá ni gbólóhùn tí olóṣèlú, oníwàásù, òṣèré tàbí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò sọ ní gbangba, tó sì tàbùkù afọ́jú, adití, arọ, afín tàbí ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà, ì báà ṣe pé ó pète rẹ̀ tàbí kò pète rẹ̀. Bó ṣe ń jẹ yọ nínú èdè Yorùbá, pàápàá ní Abẹ́òkúta, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Orúkọ, àfiwé àti òwe

Afọ́jú, adití, arọ àti abuké kì í ṣe èébú láti ìpìlẹ̀. Orúkọ ni wọ́n. Ìgbà tí a bá yá wọn lò fún ẹni tí ojú rẹ̀ ríran kedere ni wọ́n ń di ohun tó ń dunni. Olóṣèlú tó pe ìjọba ní adití torí pé kò gbọ́ igbe ará ìlú kò bá adití kankan wí, àmọ́ ohun tó ń sọ lábẹ́lẹ̀ ni pé adití kì í bìkítà. Ó jọ pé irú àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ báyìí wọ́pọ̀ ju èébú ojúkojú lọ, òun náà ló sì ṣòro jù láti bẹnu àtẹ́ lù, torí pé ẹni tó sọ ọ́ á ní òun ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Aláàbọ̀ ara" gbilẹ̀ nínú ìròyìn, ṣùgbọ́n àwọn kan kọ̀ ọ́ nítorí "àbọ̀" tó wà nínú rẹ̀. "Abirùn" so ipò ara pọ̀ mọ́ àrùn. "Akàndá ẹ̀dá" ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn adití mìíràn á ní kí a kúkú pe àwọn ní adití.

Àwọn àgbà ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Ó yẹ ká ṣàkíyèsí pé òwe náà kò ní ká má kà á rárá. Ìṣojú rẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ jẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò kọjá ìdí ayò, ìyẹn tó. Lórí OGBC, rédíò ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn, tàbí nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìpolongo ìbò, olóhùn ò mọ ẹni tó ń gbọ́ òun, gbogbo oníka mẹ́sàn-án ló wà níjòókòó.

Òwe tí àwọn olóṣèlú máa ń pa ni ti amúkùn-ún tí wọ́n ní ẹrù rẹ̀ wọ́, tó dáhùn pé òkè ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ìsàlẹ̀. Kò rọrùn láti ka èyí mọ́ èébú: amúkùn-ún ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, òun ló sì gbọ́n ju àwọn tó ń wò ó lọ. Àmọ́ bí wọ́n bá pa á mọ́ alátakò tó ń tiro, ó ti di nǹkan mìíràn.

Àrò gẹ́gẹ́ bí èébú

Ní Abẹ́òkúta, orúkọ àdúgbò kan pàápàá ti wọ inú èébú. Bí ẹnì kan bá sọ ohun tí kò bá ẹlòmíràn lára mu, wọ́n á ní "Ẹ gbé e lọ sí Àrò." Làǹtòrò ni ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ti bẹ̀rẹ̀ nílùú náà ní 1944, ilé ìwòsàn ti Àrò tẹ̀ lé e ní 1954 lábẹ́ Thomas Adéoyè Lámbò (1923–2004), oníṣègùn àìsàn ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ bíbí Abẹ́òkúta. Lámbò fi àwọn aláìsàn sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí wọn, láàárín àwọn àgbẹ̀, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú kí wọ́n tó padà sílé. Ètò yìí di mímọ̀ káàkiri ayé nítorí pé kò ya aláìsàn sọ́tọ̀ kúrò láwùjọ. Orúkọ ibẹ̀ náà ni wọ́n wá ń fi lé ènìyàn kúrò láwùjọ.

Ìgbàgbọ́

Nínú ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé, Ọbàtálá ló ń mọ ara ènìyàn. Ẹmu pa á lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì. Ìdí nìyí tí a fi ń pe afín, abuké àti arọ ní ẹni òrìṣà, tó fi jẹ́ èèwọ̀ láti fi wọ́n ṣẹ̀sín, tí àwọn olùsìn rẹ̀ kì í sì í mu ẹmu. Amọ̀kòkò ló jẹ̀bi nínú ìtàn yìí, kì í ṣe ìkòkò. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, torí pé àwọn oníwàásù kan máa ń ka ipò ara sí ẹ̀san ẹ̀ṣẹ̀. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Glenn Hoddle, akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ bọ́ọ̀lù Ẹ́ńgíláǹdì, ní oṣù kejì ọdún 1999, lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn The Times gbé e jáde pé ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ayé àtijọ́ ni àwọn akàndá ẹ̀dá ń jìyà rẹ̀.

Àpẹẹrẹ mìíràn

Ní 2009, Barack Obama fi àìmọ̀ọ́gbá rẹ̀ nídìí eré bowling wé Special Olympics, ìdíje eré ìdárayá àwọn tí làákàyè wọn kò pé, lórí tẹlifíṣàn. Ó tọrọ àforíjì kí ètò náà tó jáde. Ní 2015, Donald Trump ju ọwọ́ káàkiri nígbà tó ń sọ̀rọ̀ nípa Serge Kovaleski, akọ̀ròyìn tí àìlera wà ní oríkèé ọwọ́ rẹ̀. Trump sẹ́ pé òun ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Òfin

Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá ní 2007. Òfin tó lòdì sí yíyà wọ́n sọ́tọ̀ gba ìbuwọ́lù Ààrẹ Muhammadu Buhari ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ìlànà NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣàn ní Nàìjíríà, náà kò fàyè gba kí a fi ipò ara tàbí ti ọpọlọ dójú ti ẹnikẹ́ni lórí afẹ́fẹ́. Rédíò àti tẹlifíṣàn ni ìlànà náà dè; kò dé orí pẹpẹ ìpolongo, kò sì dé orí àga ìwàásù.