Ẹni Tó Ni Ara Ni Kẹ́ Ẹ Bi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan tún fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí mo ti ń ṣe díálísísì fáwọn aláìsàn l'Ábùjá, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́: “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, tá a bá dá a dúró ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, kí Bàbá má gbọ́ o.” Bàbá rèé lórí àga, ìgbésẹ̀ mẹ́fà péré sí wa, ojú ẹ̀ là kedere. Kíndìnrín ló daṣẹ́ sílẹ̀, etí ò daṣẹ́ sílẹ̀.

Ọdún kọkànlá mi rèé nídìí iṣẹ́ yìí. Tí mo bá fìka kan iṣan tí dókítà so pọ̀ lápá aláìsàn, tó ń gbọ̀n bíi fóònù tí wọ́n pa ohùn ẹ̀, mo ti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa sáré sí lọ́jọ́ náà. Ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ni apá, àfi kí n bi í.

Àgbàlagbà tí ọpọlọ ẹ̀ pé lè sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti 2014 ní ká sọ fún aláìsàn pé ó lè kọ ìtọ́jú, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ irú ẹ̀ ní 2001. Ẹni tó bá dá díálísísì dúró kò para ẹ̀. Àìsàn ló pa á. Ọ̀pọ̀ wọn kì í lò ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ lẹ́yìn náà, àyàfi ẹni tó bá ṣì ń tọ̀ díẹ̀. A ò sì ní pa á tì: oògùn èémí, ti èébì, ti ara yíyún, a óò máa fún un.

Ṣùgbọ́n “ó sú mi” yàtọ̀ sí “owó tán”. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ já owó díálísísì ẹ̀ẹ̀kan láti 50,000 náírà wá sí 12,000 láwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan, títí kan FMC Jabi l'Ábùjá níbí. Ẹ lọ béèrè ná.

Àwọn alágbo ló ń bí mi nínú jù. Ìyá kan ní Kubwa ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, kì í ráhùn. Alágbo kan ní Mararaba sọ fáwọn ọmọ ẹ̀ pé ẹ̀rọ ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ìyá gbẹ, pé tí wọ́n bá dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá, kíndìnrín á jí. Wọ́n bá purọ́ fún ìyá pé ẹ̀rọ wa bàjẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n gbé e dé, ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, kò lè dùbúlẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Ó dì mí lọ́wọ́ mú: “Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ti tún un ṣe?” Potassium, iyọ̀ ara tí ẹ̀rọ ì bá ti fọ̀ kúrò, ti kún ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ọkàn dákẹ́ kí n tó so okùn ẹ̀rọ tán.

Mo fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀, mo lọ bá Bàbá. Ó ní òun á máa bá a lọ títí ọmọ òun obìnrin á fi bímọ lóṣù tó ń bọ̀, ká tún wá jọ sọ ọ́ nígbà yẹn. Ó sì ní kí n sọ fún ọmọ òun kó yéé sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, òun ń gbọ́ gbogbo ẹ̀.