Kannakánná gbọ́n, erin gbọ́n: kí ló dé tí wọn kò tíì kọ́ ìlú?

Bí mo bá ti sọ fún ènìyàn pé ìṣe ẹranko ni mo kọ́, tí mo sì fi ń kọ́ni, mo ti mọ ìbéèrè tó ń bọ̀. Àgbàlagbà á ní, "Bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ẹ̀dá ń yí padà, kí ló dé tí ọ̀bọ tòní kò di ènìyàn?" Ọmọdé kì í fa ọ̀rọ̀ gùn. Tirẹ̀ ni, "Ẹranko wo ló kàn tí yóò gbọ́n bí ènìyàn, tí yóò kọ́ ìlú?" Ti ọmọdé yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí ó gbé àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe jáde sí gbangba: a rò pé àkàbà kan wà tí gbogbo ẹ̀dá ń gùn bọ̀ wá síbi tí àwa dúró sí.

Kò sí àkàbà. Ọ̀bọ tó wà lórí igi lónìí kì í ṣe baba ńlá wa, ìbátan wa ni. Àwa àti ìnàkí tí wọ́n ń pè ní ṣìnpáńsì jọ ní baba ńlá kan tó gbé ayé ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 6 sí 7 sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, bí àwa ṣe ń yí padà ni àwọn náà ń yí padà, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ohun tó ń darí ìyípadà náà kò sì le láti lóye. Ẹ̀dá tó rí oúnjẹ jẹ, tó bọ́ lọ́wọ́ ẹran apẹranjẹ, tó bímọ tí ọmọ náà sì yè, irú tirẹ̀ ni yóò pọ̀ lẹ́yìnwá ọ̀la. Kò síbi tí wọ́n ti ní ó gbọ́dọ̀ gbọ́n. Àwọn dáínósọ̀ lo ayé fún ohun tó lé ní mílíọ̀nù ọdún 160, ẹ ò sì rí ibì kan tí ọ̀kan nínú wọn ti dáná tàbí gbẹ́ òkúta. Ìgbé ayé wọn kò bèèrè fún un.

Ọpọlọ ńlá tún wọ́n láti tọ́jú. Ti ènìyàn wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 1.4, kò ju ìdá 2 nínú ìdá 100 ara wa lọ. Àmọ́ òun nìkan ló ń jẹ nǹkan bí ìdá 20 nínú ìdá 100 agbára tí ara ń lò, kódà nígbà tí a bá jókòó tí a ò ṣe nǹkan kan. Ẹranko tó bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láìní oúnjẹ tó lọ́ràá déédéé, ebi ni yóò pa á kó tó rí ọgbọ́n náà lò. Ìdí nìyí tí ìyẹ́ fi yá ju ọgbọ́n lọ. Fífò lójú ọ̀run ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: kòkòrò, ẹyẹ, àdán, àti àwọn afàyàfà abìyẹ́ tí wọ́n parun nígbà tí àwọn dáínósọ̀ ńlá parun. Ọgbọ́n tó ń kọ́ ìlú, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Àwọn kan á wá bi mí nípa erin. A kúkú ti ń sọ ọ́ pé àtàrí àjànàkú kì í ṣẹrù ọmọdé. Suzana Herculano-Houzel, onímọ̀ ọpọlọ ọmọ Brazil, fẹ́ mọ ohun tó wà nínú àtàrí náà gan-an, ló bá wá ọgbọ́n kan dá. Ó po ọpọlọ títí tó fi di omi, ó ro omi náà pọ̀ kó dọ́gba, ó ka iye sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ẹ̀kán díẹ̀, ó sì fi ìyẹn ṣírò gbogbo rẹ̀. Ó bá bílíọ̀nù 86 sẹ́ẹ̀lì ìrònú nínú ọpọlọ ènìyàn, bílíọ̀nù 257 nínú ti erin. Ìlọ́po mẹ́ta! Àmọ́ nígbà tó wo ibi tí wọ́n wà, ìdá 98 nínú ìdá 100 ti erin ló kó jọ sí ọpọlọ ìpàkọ́, èyí tó ń ṣètò bí ara ṣe ń rìn. Nínú èèpo òde ọpọlọ, níbi tí ìpèrò ti ń ṣẹlẹ̀, erin ní nǹkan bí bílíọ̀nù 5.6, ènìyàn ní 16. Ìwọ̀n orí nìkan kò lè sọ bí olórí ṣe gbọ́n tó.

Ẹ wo kannakánná. Ọpọlọ rẹ̀ kéré jọjọ, àmọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ fún pọ̀ mọ́ra gan-an. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Oxford ròyìn kannakánná kan tó ń jẹ́ Betty, láti inú irú èyí tó wà ní erékùṣù New Caledonia. Wọ́n fi oúnjẹ sínú korobá kékeré kan, wọ́n ki korobá náà bọ inú ọ̀pá oníhò tó dúró lóòró. Wáyà kan wà nílẹ̀, àmọ́ ó tọ́ gbọnrangandan, kò lè fi í há ohunkóhun. Betty fi ẹnu gbé wáyà, ó wá ibì kan fi í há, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi di ìkọ́, ó tì í bọ inú ọ̀pá, ó sì fi í fa korobá jáde. Ẹni tó bá ka ìyẹn tán tó ṣì ń sọ pé ẹranko kò ní làákàyè, kò fẹ́ gbọ́ ni.

Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí ohun tó kù fún wọn kí wọ́n tó kọ́ ìlú, n kò ní sọ pé ọgbọ́n ni. Ohun tó kù ni kí ọgbọ́n ọmọ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ti ìyá rẹ̀ parí sí.

Ẹ̀dá tó fi èyí yé mi jù lọ ni ọ́kítópọ̀ọ̀sì, ẹ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ń gbé inú òkun. Ó ní nǹkan bí mílíọ̀nù 500 sẹ́ẹ̀lì ìrònú, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà nínú àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀, tó fi dà bíi pé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá ronú. Ó lè ṣí ìdérí ìgò, ó lè sá kúrò nínú àhámọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ irú wọn kì í lò ju ọdún kan tàbí méjì lọ láyé. Bí abo bá yé ẹyin, yóò jókòó tì í, yóò máa fẹ́ omi sí i lára, kò ní jẹun. Nígbà tí ẹyin bá fi máa pa tán, ìyá ti kú tàbí ó ń kú lọ. Ọmọ òrukàn ni gbogbo wọn. Ohunkóhun tí ìyá mọ̀ bá a wọlẹ̀, ọmọ á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, àmọ́ ọ́kítópọ̀ọ̀sì kò ní ọlọ́gbọ́n kankan tó máa yá a ní tirẹ̀. Mo mọ̀ pé òun làwọn ènìyàn fẹ́ràn láti fi ṣe arọ́pò wa nínú ìtàn àròsọ. Ní tèmi, ó jìnnà.

Àwọn ẹranko kan ń jogún ìmọ̀ lóòótọ́. Ní erékùṣù Koshima ní Japan, ní 1953, wọ́n rí ọmọ ọ̀bọ kan tí wọ́n sọ ní Imo tó ń gbé ànàmọ́ lọ sínú omi láti ṣan iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ, ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, ó di àṣà láàárín wọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Imo yìí kan náà bu àlìkámà tó ti dà pọ̀ mọ́ iyanrìn sómi, iyanrìn rì, àlìkámà léfòó. Ọ̀bọ ńlá ni Imo í ṣe! Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbé ọgbọ́n rẹ̀ jìnnà púpọ̀ sí ibi tó bá a dé.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú igbó Taï ní Côte d'Ivoire, níbi tí ṣìnpáńsì ti ń fi òkúta fọ́ èso aléèpo líle. Mo ti jókòó ti fídíò irú ẹ̀kọ́ yìí fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìyá á gbé èso lé orí gbòǹgbò igi, á gbé òkúta sókè, á sọ ọ́ lé e lórí, èso á là. Ọmọ á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á na ọwọ́ gba tọrẹ, á gbé òkúta kékeré, á gbé èso sórí ilẹ̀ rírọ̀, èso á rì. Á tún fi ọwọ́ lásán gbá èso. Á gbé òkúta lé èso láìgbá a. Ọdún á yí po, òmíràn á tún yí po, kó tó tò ó bó ṣe yẹ. Ìyá kì í sábà di ọwọ́ ọmọ mú láti tọ́ ọ sọ́nà. Àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ ilẹ̀ igbó náà, wọ́n rí òkúta tí ṣìnpáńsì fi fọ́ èso ní nǹkan bí ọdún 4,300 sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ nígbà náà ni wọ́n ṣe ń fọ́ ọ títí dòní. Láàárín ọdún 4,300 kan náà, ènìyàn ti kúrò lórí kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, ó ti lọ tẹ òṣùpá bọ̀.

Ọ̀kan wà tó máa ń mú mi dákẹ́ tí mo bá rántí rẹ̀. Ní Serra da Capivara, ní Brazil, ọ̀bọ kapuṣín máa ń gbé òkúta gbá òkúta mọ́lẹ̀, wọ́n á sì lá ìyẹ̀fun tó bá jáde. Níbi tí wọ́n ti ń gbá a, àfọ́kù ń ta sílẹ̀, àfọ́kù tí etí rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Àwọn onímọ̀ tó kó o jọ ní 2016 rí i pé ó jọ èyí tí àwọn baba ńlá wa ń ṣe láyé àtijọ́. Irú òkúta tí a là bẹ́ẹ̀ tó pẹ́ jù tí a tíì rí ni ti Lomekwi, nítòsí adágún Turkana ní Kenya, ó ti tó mílíọ̀nù ọdún 3.3. Ọ̀bọ kapuṣín ń ṣe ọ̀bẹ láìmọ̀, ó sì ń fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ẹ̀dá inú omi ńkọ́? Àbùùbùtán olórí-ńlá ní ọpọlọ tó wúwo tó kìlógíráàmù 8, dọ́fíìnì kọ̀ọ̀kan sì ní ìfé tirẹ̀ tó ń jẹ́ bí orúkọ. Wọ́n pẹ́ láyé, ìyá ń tọ́mọ. Ṣùgbọ́n wọn kò lọ́wọ́, iná kò sì lè jó nínú òkun. Láìsí iná, kò sí ìkòkò, kò sí irin. Nínú ihò àpáta Wonderwerk ní South Africa, eérú iná tí àwọn ará ìṣáájú wa dá ti tó mílíọ̀nù ọdún kan.

Èdè tún wà níbẹ̀. Irene Pepperberg, onímọ̀ ìṣe ẹranko, fi 30 ọdún kọ́ odíderẹ́ kan tó ń jẹ́ Alex. Ó mọ tó nǹkan bí 100 ọ̀rọ̀, ó mọ àwọ̀ àti ìrísí nǹkan, ó ń ka nǹkan dé mẹ́fà, bí ẹ bá sì fi nǹkan méjì tó dọ́gba hàn án, tí ẹ bi í ohun tó fi yàtọ̀, á ní kò sí. Ó kú ní 2007. Kò sí ọmọ odíderẹ́ kan tó jogún ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn.

Ṣé ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà náà pé kí ẹranko mìíràn dé ibi tí a dé? Ó lè ṣẹlẹ̀. Kò sí òfin ẹ̀dá kan tó kọ̀ ọ́, ó sì kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lójú wa: àwọn ará Neanderthal, irú ènìyàn mìíràn tó jẹ́ ìbátan wa, ní ọpọlọ tó tóbi bí tiwa, wọ́n dáná, wọ́n gbẹ́ òkúta, kí wọ́n tó parun ní nǹkan bí ọdún 40,000 sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwa náà. Irú ènìyàn tí a jẹ́ yìí ti wà fún nǹkan bí ọdún 300,000. Oko dídá kò ju nǹkan bí ọdún 12,000 lọ, ìwé kíkọ kò ju nǹkan bí 5,000 lọ. Ọpọlọ ti wà lọ́rùn wa láti ìgbà náà, a ò sì kọ́ ìlú kankan fún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. A ní láti dúró de ìgbà tí yìnyín ńlá tó bo apá kan ayé nígbà náà kógbá wọlé, tí ojú ọjọ́ rọ̀, tí ènìyàn sì pọ̀ tó láti máa kó ìmọ̀ lé ara wọn lọ́wọ́. Bó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ fún àwa, ẹ má retí ẹranko mìíràn láàárín ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan.

Tí ẹ bá sọ pé dandan ni kí n mú ọ̀kan, ṣìnpáńsì ni mo máa mú, mà á sì fi ọ̀bọ kapuṣín tẹ̀lé e. Wọ́n lọ́wọ́, orí ilẹ̀ ni wọ́n wà, ìyá wọn pẹ́ lẹ́yìn ọmọ. Ṣùgbọ́n àwa ti jókòó sí àyè tí wọn ì bá gbà, a sì tún ń gba èyí tí wọ́n ní. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019, tó kó agbo ṣìnpáńsì tó lé ní 100 jọ káàkiri Áfíríkà, fi hàn pé ibi tí ènìyàn bá ti dí wọn lọ́wọ́ jù ni àṣà wọn ti dín kù jù. Mo sábà máa ń ronú nípa ọmọ tó wà nínú fídíò yẹn, tó ṣì ń gbé èso sórí ilẹ̀ rírọ̀. Bí ọdẹ bá yìnbọn pa ìyá rẹ̀ lọ́dún kejì ẹ̀kọ́, tí igi eléso náà sì ṣubú, òkúta á wà nídìí gbòǹgbò níbẹ̀, pẹ̀lú ojú ibi tí wọ́n ti ń gbá a.