Orí Tí Kò Fọ́ Kò Ní Kí Ẹ̀jẹ̀ Má Ru

“Orí kì í fọ́ mi, òòyì kì í kọ́ mi, ẹ̀jẹ̀ tèmi kò lè máa ru.” Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bà mí nínú jẹ́, nítorí ẹni tó ń sọ ọ́ kò purọ́: kò mọ nǹkan kan lára lóòótọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2021 pé àwọn àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, láti ẹni ọdún 30 dé ẹni ọdún 79, tó bílíọ̀nù 1.28. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 46 ni kò mọ̀.

Lójú tèmi, ọpọlọ ló ń jìyà àìmọ̀ yìí jù. Kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ń lo nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ọ́síjìn tí ara ń lò. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Àwọn òpójẹ̀ tín-ín-rín tó wọ inú rẹ̀ lọ́hùn-ún yọ tààrà lára àwọn òpójẹ̀ ńlá, nítorí náà ipá ẹ̀jẹ̀ kì í rọlẹ̀ tó kó tó kàn wọ́n. Bó bá di ọ̀pọ̀ ọdún, ara òpójẹ̀ á nípọn, á le, ihò rẹ̀ á fún. Òmíràn á dí, òmíràn á bẹ́.

Tó bá jẹ́ èyí tó tóbi ló dí, gbogbo ayé á rí i: ẹnu á wọ́, apá á rọ, wọ́n á ní rọpárọsẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àwọn kéékèèké ló ń dí lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi bíńtín nínú ọpọlọ á kú, ẹni náà á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Inú àwòrán MRI (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara) ni àpá rẹ̀ ti ń hàn. Nígbà tó bá yá, á máa ronú pẹ́ kó tó dáhùn, ìṣirò owó á máa dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wọ́lẹ̀. Àwọn ará ilé á ní, “Àgbà ló dé.” Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn pa á tì láìtíì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ní oṣù kẹta 1944, dókítà bá ìfúnpá Franklin Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní 186/108. Oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀ dáadáa kò tíì sí nígbà náà. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹrin 1945, ó ní ẹ̀yìn orí ń dun òun gidigidi, ó dákú, ó sì kú lọ́jọ́ náà. Òpójẹ̀ ló bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Orífífọ́ tí àwọn kan ń dúró dè nìyẹn, kò sì dé títí ẹ̀pa kò fi bóró mọ́.

Ní tiwa, oògùn wà. Ìwádìí SPRINT MIND, tó jáde ní 2019, tẹ̀lé àwọn tó lé ní 9,000 tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 50. Ìṣòro ìrántí àti ìrònú, èyí tí kò tíì di arán, fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ kí nọ́ńbà òkè ìfúnpá wọn (èyí tí wọ́n ń kọ ṣáájú) wà ní ìsàlẹ̀ 120, ju àwọn tí wọ́n fi ti wọn sí ìsàlẹ̀ 140 lọ. Dókítà ló máa sọ iye tó yẹ kálukú. Ẹni tó bá sì fẹ́ ju oògùn sílẹ̀ torí pé ara òun ti yá, kó rántí pé ara rẹ̀ yá kó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ náà.

Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí apá wà ní ọ̀gangan àyà, kí wọ́n wọn ìfúnpá yín. Bó bá tó 140/90 lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ rí dókítà. Bó bá lé ní 180/120, tí ojú ń ṣú tàbí tí apá kan ń kú, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.