Ẹsẹ̀ Ló Ń Wúwo, Ẹ̀yìn Àyà Ni Kókó Wà

Bí dókítà bá ní kókó wà nínú ara ẹnìkan, ohun tí ẹbí á kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé jẹjẹrẹ ni. Tí wọ́n bá ti gbọ́ pé rárá, ọkàn á balẹ̀, wọ́n á ní kó di ẹ̀yìn ọdún. Nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn léwu. Okùn iṣan tó gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá, tó so ọpọlọ pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀, kò nípọn ju ìka ọwọ́ tó kéré jù lọ, eegun ló yí i ká, eegun ò sì lè fẹ̀ sí i. Ohunkóhun tó bá hù síbẹ̀, okùn yẹn ni yóò máa tì mọ́ ògiri.

Èyí tí wọ́n ń pè ní meningioma máa ń hù lára awọ tó bo okùn náà. Obìnrin tó ti lé ní 40 ọdún ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń mú, ẹ̀yìn àyà ló sì sábà máa ń wà. Schwannoma ń hù lára gbòǹgbò iṣan níbi tó ti ń jáde láàárín eegun méjì. Nígbà míì apá kan rẹ̀ á wà nínú, apá kan níta, ìbàdí rẹ̀ á tín-ín-rín bíi ti akèrègbè. Ọ̀rá lásán náà lè kóra jọ síbẹ̀ kó sì fún okùn náà, pàápàá lára ẹni tó ń lo prednisolone tàbí dexamethasone fún ìgbà pípẹ́. Àwọn oògùn wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà fúnra wọn nítorí ara ríro.

Kì í bẹ̀rẹ̀ lójijì bí àrùn rọpárọsẹ̀. Ẹsẹ̀ á kàn máa wúwo, á máa le, á máa kọ ilẹ̀ láìnídìí. Sálúbàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ aláìsàn lójú ọ̀nà, á sì máa rìn lọ láìmọ̀ títí yóò fi bojú wolẹ̀. Ní balùwẹ̀, tó bá di ojú nítorí ọṣẹ, á ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, nítorí ojú ló fi ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Omi gbígbóná lè máa jó o lẹ́sẹ̀ kan, kí èkejì má mọ̀ pé omi náà gbóná. Ọ̀pọ̀ wọn á ní ó dà bíi pé wọ́n fi ọ̀já gbá àwọn láyà. Ti schwannoma sábà máa ń ro ní òru, débi pé ẹlòmíì á máa jókòó sùn. Tí ìtọ̀ bá ti ń ṣòroó tọ̀, tàbí tó ń jáde fúnra rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù ni fọ́tò. Nítorí pé ẹsẹ̀ ló ń yọni lẹ́nu, ìbàdí ni wọ́n máa ń ní kí aláìsàn lọ yà. Lára àgbàlagbà, okùn iṣan yìí parí sí eegun ìbàdí àkọ́kọ́ tàbí èkejì. Kókó tó wà lẹ́yìn àyà kò ní hàn nínú fọ́tò ìbàdí. Ohun tí yóò hàn ni eegun tó ti ń gbó, èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lé ní 50 ọdún. Wọ́n á di ẹ̀bi rù ú, ìtọ́jú á máa lọ lórí ibi tí àrùn kò sí, ẹsẹ̀ á sì máa kú sí i.

Dókítà tó fara balẹ̀ á fi abẹ́rẹ́ gún aláìsàn díẹ̀díẹ̀ láti ẹsẹ̀ lọ sókè, yóò béèrè ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta á dáadáa. Tó bá jẹ́ nítòsí ìdodo, ó ń tọ́ka sí eegun ẹ̀yìn àyà kẹwàá. Orí ọmú, sí ìkẹrin. Kókó fúnra rẹ̀ lè wà lókè ibi tí àmì náà dúró sí, nítorí náà ẹ béèrè bóyá wọ́n lè ya MRI, ìyẹn fọ́tò tí wọ́n ń fi mágínẹ́ẹ̀tì yà, fún gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn láti ọrùn dé ìdí. Ẹ́síréè kò lè fi okùn iṣan hàn. "Ẹ́síréè rẹ dára" kò parí ọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó fún yín ní oògùn tó ń mú kókó hàn kedere, ẹ sọ fún wọn tí kíndìnrín yín bá ní ìṣòro. Ẹ sì sọ tí irin èyíkéyìí bá wà lára yín.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ gun ẹ̀yìn aláìsàn báyìí láti tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i lọ́rùn. Abẹ́rẹ́ dexamethasone lè dín wíwú kù fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n máa rò pé làkúrègbé ti lọ. Kókó ṣì wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú meningioma àti schwannoma tó bá ti ń fún okùn. Ní 1887 ni dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Victor Horsley, ti yọ kókó irú èyí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni náà sì padà rìn. Wọ́n á dojú aláìsàn bolẹ̀, wọ́n á ṣí ẹ̀yìn eegun, wọ́n á la awọ, wọ́n á wá yọ kókó náà wẹ́wẹ́ kí ọwọ́ má baà kan okùn. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé ìwòsàn ló sábà máa ń jàǹfààní jù. Ẹni tó ti dùbúlẹ̀ fún oṣù púpọ̀ ṣì lè dìde, ṣùgbọ́n yóò pẹ́, iṣẹ́ àwọn físíò tó ń kọ́ni láti tún rìn yóò sì pọ̀.

Nílé, tí kò bá lè yí ara rẹ̀ padà, ẹ máa yí i ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má baà yọ ní ìdí àti gìgísẹ̀. Tí omi tó mọ́ gaara bá ń rin bándéèjì ojú iṣẹ́ abẹ, tí orí sì ń fọ́ ọ gan-an tó bá jókòó àmọ́ tó ń rọlẹ̀ tó bá dùbúlẹ̀, omi ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń jò. Ẹ padà lọ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ tó fi ilé ìwòsàn sílẹ̀, ẹ béèrè ibi tí wọ́n gbé kókó náà lọ fún àyẹ̀wò, ẹ sì gba ìwé èsì rẹ̀ lọ́wọ́, torí òun ni yóò sọ iye ìgbà tí wọ́n á tún MRI yà ní ọdún tó ń bọ̀.