Ọkọ Tí Kò Ti Ogun Dé: Bí Ìdáhùn Rábì Ṣe Ń Di Òfin

Kò sóhun tó ń bí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ yìí nínú bíi kí wọ́n ní olórí rábì, ìyẹn olórí àwọn olùkọ́ òfin ẹ̀sìn Júù, ni póòpù àwọn Júù, pé tó bá ti lanu, ẹjọ́ parí. Irọ́ ni. Ní Ísírẹ́lì, méjì ni wọ́n pàápàá: ọ̀kan fún àwọn Ashkenazi tí ìran wọn ti Yúróòpù wá, ọ̀kan fún àwọn Sẹ́fádì, ìyẹn ìran àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Sípéènì ní 1492, pẹ̀lú àwọn Júù Ìráàkì, Mòrókò àti Yẹ́mẹ̀nì tí wọ́n kà mọ́ wọn. Ènìyàn 150 ló ń dìbò yàn wọ́n, rábì 80 àti aṣojú ìlú 70, fún sáà ọdún mẹ́wàá. Òṣèlú ibẹ̀ pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn.

Inú ìdáhùn tí rábì bá kọ ni agbára rẹ̀ wà. Ẹnìkan mú ìṣòro wá, rábì kọ èsì, ó kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀, ẹni tí ìdí náà bá sì tẹ́ lọ́rùn ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ wo Ovadia Yosef, tí wọ́n bí ní Baghdad ní 1920, tó dàgbà ní Jerúsálẹ́mù, tó sì jẹ́ olórí rábì àwọn Sẹ́fádì láti 1973 sí 1983.

Ní oṣù kẹwàá 1973, Íjíbítì àti Síríà gbógun ti Ísírẹ́lì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ni kò padà wálé, tí wọn ò sì rí òkú wọn. Ìyàwó irú wọn ni à ń pè ní agunah. Nínú òfin Júù, ọ̀nà méjì péré ló lè tú obìnrin sílẹ̀: kí ọkọ fún un ní ìwé ìkọ̀sílẹ̀, tàbí kí ikú ọkọ dájú. Kò sí pé ó ti pẹ́ tó ti lọ. Tó bá wá fẹ́ ẹlòmíràn, tí ọkọ àkọ́kọ́ sì yọ lójijì, ó gbọ́dọ̀ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀, àbùkù a sì wà lára ọmọ tó bí fún ìkejì: kò ní lè fẹ́ Júù bíi tẹlòmíràn. Àánú nìkan kò lè dá irú ẹjọ́ yìí.

Àwọn àgbà àtijọ́ ti dẹ ẹ̀rí sílẹ̀ díẹ̀. Níbi tí ẹjọ́ mìíràn ti ń béèrè ẹlẹ́rìí méjì, ẹyọ kan tó níbí, ìbáà jẹ́ obìnrin, ìbáà jẹ́ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n pààlà. Ọkùnrin tó já sínú adágún tí ojú ká etí rẹ̀ yípo, tí kò jáde, ó ti kú. Èyí tó já sínú òkun, a ò lè sọ. Talmud, ìwé àtijọ́ tí àríyànjiyàn àwọn rábì lórí òfin wà, sọ pé Rabban Gamliel rí ọkọ̀ kan tó fọ́ lójú omi, ó ń ṣọ̀fọ̀ Akiva, rábì bíi tirẹ̀, tó wà nínú rẹ̀. Ìgbà tó gúnlẹ̀, Akiva ló wá jókòó níwájú rẹ̀ tó ń bá a sọ̀rọ̀ òfin. Pákó ọkọ̀ kan ló bá a pàdé. Ìgbì tó bá sì ti dé, ó ń tẹrí ba fún un.

Pákó yẹn, pé bóyá ọkọ náà ṣì yè níbì kan, ni gbogbo ìyàwó ológun tó sọnù ń bá jà.

Ẹni tó bá ti jókòó ti babaláwo rí á mọ ohun tí ìdáhùn Yosef jọ. Awo kì í dá ẹsẹ sílẹ̀ láti inú ara rẹ̀. Ẹni àtijọ́ tí wọ́n dífá fún ló ń kì: ohun tó bá a, bóyá ó rúbọ, ibi tó já sí. Bó bá ṣì í kì, awo ẹgbẹ́ rẹ̀ á dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ ni rábì ń pe àwọn àgbà onímọ̀ òfin àtijọ́: ó ń pe Maimonides, ó ń pe Joseph Karo, ó ń pe àwọn tí ayé ti gbàgbé. Àmọ́ ẹrù kan wà lórí rábì tí kò sí lórí awo: ó gbọ́dọ̀ ki ẹsẹ tó ta ko òun náà, kó tó dáhùn. Yosef lè to orúkọ bí ogún sínú ìpínrọ̀ kan, àwọn tó ní kò sí àyè àti àwọn tó ní àyè wà. Ìdí kan kì í tó. Á so ó mọ́ èkejì, á so èkejì mọ́ ẹ̀kẹta. Ó gbà pé ẹni tó yọ̀ǹda ló fi ìmọ̀ hàn jù, torí ta ni kò lè sọ pé ó léèwọ̀? Òun àtàwọn adájọ́ rẹ̀ yẹ ẹjọ́ wọ̀nyí wò, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún obìnrin ló sì gba òmìnira.

Ọ̀nà kan náà ló gbà lórí bóyá Júù ni àwọn Beta Israel, àwọn ará Etiópíà tó ń tẹ̀ lé ẹ̀sìn Júù. Ó gbára lé èsì tí rábì David ibn Zimra kọ ní Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 1500 sí 1600, pé ẹ̀yà Dánì, ọ̀kan nínú ẹ̀yà Ísírẹ́lì àtijọ́, ni wọ́n. Àwọn rábì kan kò gbà. Ní 1975, ìjọba gbà pé Júù ni wọ́n.

Nígbà tí sáà rẹ̀ pé ní 1983, àga bọ́, agbára ò bọ́: ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ òṣèlú Shas bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ìjókòó 17 nínú 120 ló sì gbà nílé aṣòfin ní 1999.

Ọgbọ́n ni èyí, ó kàn jẹ́ pé ìjọba ti dà á rú díẹ̀. Láti 1953, ọwọ́ ilé ẹjọ́ rábì ni ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ gbogbo Júù Ísírẹ́lì wà, bí wọ́n gbà á gbọ́, bí wọn ò gbà á gbọ́. Ìdáhùn rábì tí kò bá tẹ́ni lọ́rùn, èèyàn lè kọ ìwé ta kò ó. Ilé ẹjọ́ ìjọba ńkọ́? Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè tó sì kọ̀ láti kọ̀ ọ́ wà níbẹ̀ títí dòní. Ilé ẹjọ́ lè ti ọkọ náà mọ́lé, àwọn kan sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà ò bá gbà, ìwé ò lè jáde.